Ẹni Tí Yóò Jogún Ẹgbẹ́ Búrẹ́dì Gbígbóná

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nínú ìwé ilé mi fún ẹnikẹ́ni tí èémí rẹ̀ bá gùn tó láti kà á tán, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, agbẹjọ́rò mi sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ wọ́n. Orí mi pé. Ojú mi ń ríran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo nílò awò láti fi okùn sí abẹ́rẹ́. Etí mi ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ sí mi àti ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn mi. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi, ẹni tí yóò sì fi ipá mú mi, a kò tíì bí i.

Àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì máa ń sọ láàárín ara wọn pé ẹni tí orí rẹ̀ bá pé kò ní ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìlú ńlá. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́. Orí mi pé nígbà tí mo rà á, ó pé nígbà tí mo ń bọ́ ọ, ó sì pé jù bẹ́ẹ̀ lọ nísinsìnyí tí mo fẹ́ sọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Mo fagi lé ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá jù lọ èyí tí mo fi ìbínú kọ lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá ní gólù mẹ́fà.

Ìpín kìíní. Mo yan ẹni méjì láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ọ̀kan ni agbẹjọ́rò mi, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èkejì ni àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ mi obìnrin, tí ó ń ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù. Mo fún un láṣẹ pé kí ó mú fèrè rẹ̀ dání wá síbi tí wọn yóò ti ka ìwé yìí, kí ó sì lé ẹnikẹ́ni tí ó bá pariwo síta, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò bèèrè pé kí ló dé tí n kò yan akọ́bí. Ìdí rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù, rẹfirí tí líìgì yàn fún wa há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ó pè wá lórí fóònù pé láti ìgbà tí òun ti jẹun àárọ̀ ni òun ti ń wo òrùlé pápá ìṣeré náà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n òun kò tíì dé ibẹ̀. Ọmọ mi obìnrin yìí kàn wá wò wá ni, fèrè rẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀. Ọ̀nà ilé àwọn àlejò jìn, wọn kò fẹ́ dúró mọ́. Wọ́n ní kí ó bọ́ sójú pápá, àwọn fara mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní tiwa ti dáa lónìí.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, a ń ta ọ̀mì lọ́wọ́, ni ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́ bá fọn fèrè, ó nawọ́ sí ojú ilé wa, ó ní pẹ̀nárítì. N kò mọ ìgbà tí mo dé àárín pápá. Nígbà tí ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síta," ó sì fa káàdì pupa yọ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n gbá a wọlé. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń wá sílé, ó ń fọ abọ́, ó ń kí mi, mo ń fi imú dá a lóhùn. Ọkọ mi ni ó là wá. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù wa fa ọmọ olọ́mọ lẹ́sẹ̀, gbogbo ayé ló rí i àfi èmi nìkan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá lè lé ìyá rẹ̀ síta nítorí òtítọ́ kò ní fi ìka kan ogún ọmọ ìyá rẹ̀. Mo ti dárí jì í. Pẹ̀nárítì yẹn nìkan ni mo ṣì ń rò.

Ìpín kejì. Ilé tí mo ń gbé, òkè àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì ńlá tí ó wà ní yàrá iwájú, rédíò, àti àga tìmùtìmù tí ìdí rẹ̀ ti sọ di kòtò, mo fi sílẹ̀ fún ọkọ mi, Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni ín, kí ẹyọ ẹnì kan má sì tà á láìjẹ́ pé àwọn méjì yòókù gbà.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mo ń gbé àtẹ búrẹ́dì kọjá létí pápá kan, ni bọ́ọ̀lù bá fò wá, ó gbá àtẹ náà dànù lórí mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré dé, ó ń ṣa búrẹ́dì, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára wọn, ó ń bẹ̀ mí. Ó ní òun kọ́ ni òun gbá a, ẹsẹ̀ òsì òun ni. Mo ní kí ẹsẹ̀ òsì náà wá bẹ̀ mí fúnra rẹ̀. Ó nà án síwájú mi, ó ní, "Ẹ dárí jì í, wọ́n bí àìgbọ́ràn mọ́ ọn ni." Bí mo ṣe di ìyàwó ilé wọn nìyẹn, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ó di awakọ̀ tí ń bá mi pín búrẹ́dì. Òṣìṣẹ́ dáadáa ni, àfi ọjọ́ Sátidé. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ kò ní rí ọkọ mi, ẹ kò sì ní rí ọkọ̀ búrẹ́dì. Mo rò pé obìnrin ni. Mo wọ aṣọ tí kò mọ̀, mo fi gèlè bo iwájú orí, mo tẹ̀lé e. Pápá ìṣeré ìlú ni mo bá a. Ó dá jókòó nínú ibi ìjókòó tí ó lè gba odindi ìlú kan, ó ń pariwo lé àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí, ó ń júwe fún wọn pẹ̀lú apá méjèèjì. Mo lọ jókòó tì í. Kò tilẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe, ó kàn ní, "Wo eléyìí, bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó ń wo ìwọ." Ì bá sàn fún mi kí ó jẹ́ obìnrin. Obìnrin a máa dàgbà, a sì máa rẹ̀ ẹ́.

Oníṣímẹ́ńtì kan ni ó ni ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti wà ní ìlú yìí kí tirẹ̀ tó dé: ọ̀kan sá lọ sí ìlú etí omi, ọ̀kan túká, pápá ẹ̀kẹta di ilé ìtajà. Nígbà tí ó rẹ Oníṣímẹ́ńtì náà tí ó fẹ́ tú tirẹ̀ ká, ọkọ mi kò jẹun. Ó ń wo oúnjẹ, oúnjẹ ń wò ó. Mo bá lọ ra ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa mọ ibi tí ọkọ òun wà, kí ó yáa ra ibẹ̀.

Ìpín kẹta. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, ààrò rẹ̀, àwọn agolo, àwọn àtẹ, ẹ̀rọ tí a fi ń po ìyẹ̀fun àti ọkọ̀ tí ń pín búrẹ́dì, mo fi gbogbo wọn fún ọmọ mi kejì, tí ó ti ń bá mi jí sí iṣẹ́ náà láti kékeré. Kí ó má máa dín iyọ̀ kù. Mo mọ̀ ọ́n.

Òun ni ó ní kí a sọ ẹgbẹ́ náà ní Búrẹ́dì Gbígbóná, kí bọ́ọ̀lù lè máa polówó ọjà. Kò rò ó pé bí wọ́n bá nà wá, búrẹ́dì àná ni wọn yóò máa pè wá. Òun náà ni ó mú ìmọ̀ràn wá nígbà tí a kò rí ènìyàn wá wò wá. Àga inú pápá ìṣeré yẹn pọ̀ débi pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀, àwọn ẹyẹ náà ni ó sì ń jókòó síbẹ̀. Ọmọ mi ní kí a máa fún ẹni tí ó bá wọlé ní búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kí a dán an wò.

Ní Sátidé yẹn, èrò rọ́ dé. Ọkọ mi sunkún ayọ̀. Wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wo ojú pápá bí ìgbà tí ènìyàn bá yọjú wo yàrá onílé, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Nígbà tí wọ́n fi fọn fèrè ìbẹ̀rẹ̀, ó ku àwa àti àwọn ẹyẹ, inú àwọn ẹyẹ sì dùn nítorí ẹ̀rúnrún. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a ti ẹnu ọ̀nà kejì pa. Wọ́n jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kẹ́yìn sí pápá, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù òkè òkun nínú fóònù. Bí ọmọ wa kan ṣe gba bọ́ọ̀lù tí ó ń sáré lọ, gbogbo wọn hó yèè. Mo fò dìde, mo jó. Gólù ibòmíràn ni wọ́n ń hó fún.

N kò bú wọn. Mo ti bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè pé ẹgbẹ́ wo ni tiwọn. Wọn a dárúkọ ẹgbẹ́ ìlú tí wọ́n ti bí bàbá wọn, tàbí ti ìlú òyìnbó tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí. Ibi iṣẹ́ ni ìlú ńlá. Bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tí irun rẹ̀ fi funfun, ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì há sójú ọ̀nà ní Sátidé, oorun ni yóò máa sùn láti fi san ti ọjọ́ tí ó há.

Ìpín kẹrin. Ilẹ̀ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń lò fún ìdánrawò, mo fi í fún akọ́bí mi, tí ó ń ṣe alágbàtà ilé àti ilẹ̀. Kí ẹni tí ó jókòó tì í fún un ní omi mu, nítorí mo mọ̀ pé kò retí rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wo ilẹ̀ náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja gbígbẹ. Ó ń mú àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ kóòtù wá síbẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí àwọn ọmọ ń sá eré kiri. Ó sọ fún mi lójú ọkọ mi pé, "Mọ́mì, ilẹ̀ yìí ń sùn ni." Mo ní kí ó jẹ́ kí ó sùn, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ní ìlú ńlá, ilẹ̀ tí kò bá ru ilé lórí, ọ̀lẹ ni. A bá ara wa jà dé ibi pé kò wá sílé ní ọjọ́ ìbí mi; ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó wá, ó sì ń tọrọ àforíjì ní gbogbo ìgbà tí ó bá bu oúnjẹ.

Mo ti rò ó dáadáa. Ọmọ náà kò purọ́. Ilẹ̀ ìlú ńlá dà bí arẹwà omidan: ojoojúmọ́ ni àwọn olùfẹ́ ń kan ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù nìkan ni olùfẹ́ tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í sì í mú nǹkan dání. Kí ó kọ́ ohun tí ó bá wù ú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kò ní nílò rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ṣe kà á ní ìpín keje. Kí ó ṣáà má fi orúkọ mi pe ilé náà.

Ìpín karùn-ún. Àgbò kan àti abo àgùntàn kan tí wọ́n ń jẹ koríko ìdánrawò kí ó má baà ga jù, kí wọ́n bá ẹgbẹ́ lọ síbi tí ó bá ń lọ. Igbákejì Kọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọmọ ń pe àgbò náà. Kọ́ọ̀ṣì gangan kò fẹ́ràn àwàdà yìí, pàápàá láti ìgbà tí àgbò náà jẹ àsíá igun pápá tí a sì borí lọ́jọ́ kejì, tí àwọn ọmọ wá ń bèèrè lọ́wọ́ àgbò ohun tí yóò jẹ kí wọ́n tó wọ bàtà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n se ọbẹ̀, ìbáà ṣe ní ọjọ́ ìsìnkú mi.

Ìpín kẹfà. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n àga tí ó wà lẹ́yìn awakọ̀, létí fèrèsé, mo fi í fún bàbá àgbàlagbà kan tí ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, kí ó máa jókòó síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé e lọ kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

Bàbá Rélùwéè nìkan ni ó ń bú wa ní gbogbo ìlú yìí. Ìjókòó kan náà ni ó máa ń jókòó sí, yóò sì máa bú wọn láti orí aṣọ́lé títí dé orí ẹni tí ó wà níwájú pátápátá. "Ẹ̀yin búrẹ́dì àná yìí! Ẹ ti bu!" Ìgbà kan tí ara rẹ̀ kò yá tí kò wá, àwọn ọmọ kò mọ ọwọ́ tí wọn ì bá fi mú eré, wọ́n ń gbójú sókè wo àga rẹ̀. Lẹ́yìn eré, wọ́n jọ lọ kí i ní ilé. Ó dùbúlẹ̀, kò lè gbé orí, ó bèèrè iye tí wọ́n gbá, wọ́n sọ fún un. Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó kí òun lè bú wọn dáadáa. Ẹni tí a kò jọ lójú kì í fi èémí rẹ̀ ṣòfò lórí wa.

Ìpín keje. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Búrẹ́dì Gbígbóná, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ìwé àṣẹ líìgì rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀, àwọ̀n rẹ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ àti ife-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí ó ní, mo fi gbogbo rẹ̀ fún àbúrò ọkọ mi obìnrin, télọ̀, kí òun àti àwọn ará ìlú kékeré tí ó ń gbé jọ máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ náà kó lọ síbẹ̀ nígbà tí sáà yìí bá parí tàbí nígbà tí mo bá kú, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì.

Àwọn tí ó mọ̀ wá yóò rò pé agbẹjọ́rò ló ṣì í kọ. Èmi àti télọ̀ yìí kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó wọn, nítorí mo bá a nílé ni, mi ò lè la orúkọ mọ́ ọn lórí. Kódà nígbà tí mo ń bá a jà, Eyínfúnjowó náà ni mo fi ń pè é, èyí kì í sì í jẹ́ kí ìjà dùn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní sáà kan, àwọn aláṣẹ ìlú gbé pápá ìṣeré fún àwọn onípàtẹ ọjà, wọ́n ní kí a wá ibòmíràn gbá. Eyínfúnjowó ní kí a máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìlú kékeré ni, ìrìn ọ̀sán kan sí ibí. A lọ. Eré àkọ́kọ́ tí a gbá níbẹ̀, wọ́n nà wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ́lé wa, géńdé tí orí rẹ̀ ń kan àtẹ́rígbà, lọ ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tí ń pàtẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo dúró bí òpó iná nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kọjá?" Ó ní òun ni. Ìyá ní, "Mi ò ta ọṣẹ fún ọ. Máa fi omi lásán wẹ̀ títí wàá fi mú bọ́ọ̀lù."

Ọmọ náà sáré wá bá mi. Mo rò pé wọ́n lù ú ni. Ojú rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ìyá, wọ́n bú mi! Wọ́n mọ̀ mí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ní ìlú ńlá, bí wọ́n bá nà wá, àwọn ọmọ náà yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò ra ohun tí wọ́n bá fẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní wo ojú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ibi tí ìtìjú yóò ti bá wọn. Níbẹ̀, bí onígbàjámọ̀ bá ń gé irun wọn, yóò máa gbà wọ́n nímọ̀ràn, abẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò lè jiyàn. Olùkọ́ ilé-ìwé yóò dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Bí ó bá di Sátidé, gbogbo ìlú a ti ilẹ̀kùn, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn dé pápá, wọn a sì padà sílé kí ọbẹ̀ orí iná tó jóná. Ní eré kejì, aṣọ́lé wa mú gbogbo ohun tí ó fò wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹyẹ. Ìyá ọlọ́ṣẹ kó ọṣẹ lé e lọ́wọ́, kò gba kọ́bọ̀.

Nígbà tí pàtẹ ọjà parí, mo ní ó yá, a ń lọ sílé. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Mo ní ìlú tó tóbi tó tiwa, kí ni yóò máa fi yangàn bí kò bá ní ẹgbẹ́ kan? Ó ní, "Ìyàwó mi, ìlú ńlá kì í fi ohun tó wà nílé yangàn." Mo lọ dágbére fún Eyínfúnjowó, mo sì bá jẹ́sì tuntun lórí okùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti yọ àwòrán búrẹ́dì kúrò láyà wọn, ó rán orúkọ ìlú wọn síbẹ̀. Mo ní ta ni ó fún un láṣẹ. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú, àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni wọ́n ní kí n rán an." Mo fa jẹ́sì kan kúrò lórí okùn, ó di apá kejì mú, a jọ ń fà á, ó ya. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo kó àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ kí mi, ọkọ mi ni ó ń rán.

Nígbà tí sáà tó kọjá parí, a gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: a gbà á. A kó àwọn ọmọ sẹ́yìn ọkọ̀ búrẹ́dì, a ṣí i sílẹ̀, a ń yí ìlú ká, kí àwọn ènìyàn lè bá wa yọ̀. Obìnrin kan bèèrè pé ta ni ó ń ṣègbéyàwó. Ọkùnrin kan rò pé olóṣèlú ni wá, ó ní kí ni à ń pín. Ẹlòmíràn bèèrè iye tí à ń ta búrẹ́dì ńlá. Ọlọ́pàá ojú pópó ní kí a kúrò lọ́nà, pé à ń dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí a dé òpópónà wa gan-an, aṣọ́lé wa gbé ife náà sókè, gbogbo wọn kígbe, ni ẹnì kan bá yọrí láti òkè ilé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, ọmọ ń sùn." Aṣọ́lé gbé ife sọ̀ kalẹ̀, ó fi í sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe wọlé, fóònù mi dún. Eyínfúnjowó ni. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú oríire o." Mo ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí ni yẹn. Ó ní àwọn ará ìlú ni, pé láti ìgbà tí rédíò ti kéde rẹ̀ ni wọ́n ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù òun, wọn kò fẹ́ lọ sílé, ìyá ọlọ́ṣẹ sì ní kí wọ́n sọ fún aṣọ́lé pé ọṣẹ òun ló ṣe é. Mo gbé fóònù náà sórí tábìlì. Èmi, ọkọ mi àti gbogbo àwọn ọmọ náà yí i ká, a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ nítorí wa níbi tí a kò sí.

Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé rí pé ẹgbẹ́ yìí kò ní kúrò ní ìlú ńlá níṣojú mi. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kò korò tó bí mo ṣe rò. Kí Eyínfúnjowó rán ohun tí ó bá fẹ́ sí àyà jẹ́sì wọn. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí di ìparí sáà, èmi àti ọkọ mi yóò bá bọ́ọ̀sì lọ, kí wọ́n fún wa ní àga níwájú, kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí ní ìbéèrè kankan.

Ìpín kẹjọ. Gbèsè tí wọ́n jẹ mí. Àwọn onípàtẹ ọjà ri òpó àgọ́ wọn mọ́ ojú ibi tí a ti ń gbá pẹ̀nárítì gan-an. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fa òpó yọ, wọ́n fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, láti ìgbà náà kò sí pẹ̀nárítì tiwa tí kò fò lọ sójú ọ̀run. N kò bèèrè owó. Kí wọ́n wá dí i nítorí ẹni tí yóò tún wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lẹ́yìn wa, bí ẹnikẹ́ni yóò bá wá.

Àfikún, tí mo ní kí agbẹjọ́rò kọ kí n tó fọwọ́ sí i. Òfin ní kí ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní jogún ohunkóhun rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i. Akọ̀wé agbẹjọ́rò ni ọ̀kan. Fún èkejì, wọ́n ké sí ọkùnrin kan tí ń ta bàtà ní òdìkejì títì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri pápá ìṣeré. Ibẹ̀ ni ó ti ń tajà láti ìgbà tí kò tíì gbéyàwó. Wọ́n sọ fún un pé kò ní láti ka ìwé náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ìpín keje. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé ìlú yìí ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni?" Mo ní ó ní. Ó ní níbo ni wọ́n ti ń gbá. Mo nawọ́ láti ojú fèrèsé sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní lóòótọ́ òun máa ń gbọ́ fèrè níbẹ̀, òun rò pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá níṣẹ́ ni.

Mo ní wọn ò ní pẹ́ kó lọ. Ọkùnrin náà fi bírò sílẹ̀. Ó ní, "Kó lọ kẹ̀? Ẹgbẹ́ wa? Ta ni wọ́n bi léèrè? Wọn ò lè ṣàdédé gbé ẹgbẹ́ wa lọ báyẹn, Mọ́mì, a ò ní gbà!" Ó ń lu tábìlì. Agbẹjọ́rò ń bẹ̀ ẹ́, akọ̀wé ń bẹ̀ ẹ́. Èmi kò bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ̀yìn ti àga, mo ń gbọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ni ẹgbẹ́ yìí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó pè é ní tiwa lójú mi láìjẹ́ pé ẹbí mi ni tàbí òṣìṣẹ́ mi. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó ní òun yóò fọwọ́ sí i nítorí ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú òun kò dùn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ kí ó hàn.

Mo fi ọwọ́ ara mi sí ìwé yìí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò mi, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí a gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé agbẹjọ́rò

Ẹlẹ́rìí kejì: Oníbàtà ẹ̀yìn ògiri pápá. Ó fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ kò dùn.